Bẹ́ ẹ ṣe lè fi fóònù ọwọ́ yín ṣọ́ ìlera ọmọ nínú ilé, ìgbésẹ̀ ní ìgbésẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o, ẹ̀yin ìyá àti bàbá tẹ́ ẹ wà l'Óṣogbo àti agbègbè rẹ̀. Ẹni tó ní ọmọ tí ò tíì pé ọdún 5 ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀, torí àwọn yẹn ni àìsàn máa ń tètè gbé wálẹ̀. Ọmọ á ṣeré títí lọ́sàn-án, tó bá fi máa di aago 11 alẹ́ ara ti gbóná janjan, hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà àdúgbò ti tilẹ̀kùn, kẹ́mísítì náà ti lọ sílé, iná ò sí, ohun tó kù lọ́wọ́ òbí ò ju fóònù lọ. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa sì máa ń fi fóònù yẹn ṣe ni ká pe màmá ní Ìkìrun, àbí ká lọ bi àwọn èèyàn Facebook léèrè. Kò burú, màmá mọ nǹkan. Ṣùgbọ́n fóònù yẹn mọ aago, ó ń ka ìṣẹ́jú, ó ń yàwòrán, kì í sì í gbàgbé nǹkan, bẹ́ẹ̀ àwọn ohun tí dọ́kítà máa ń bi ìyá ọmọ tí ìyá ò ní rí sọ ò ju wọ̀nyí náà lọ: ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀, ẹ̀ẹ̀melòó ló ti ṣe é, báwo ló ṣe rí, kí lẹ ti fún un.

Ẹ má tíì lọ dáùnlóòdù áàpù kankan o. Áàpù tó bá ní kẹ́ ẹ fi ìka lé kámẹ́rà kí òun sọ bí ara ọmọ ṣe gbóná tó, irọ́ ló ń pa, fóònù témi àtẹ̀yin ń lò ò ní ohun tó fi máa mọ ìyẹn, ooru bátìrì tiẹ̀ ló mọ̀. Ohun tẹ́ ẹ nílò ò pọ̀: fóònù (tọ́ọ̀ṣì lásán á ṣe èyí tó pọ̀ níbẹ̀ o, kò dìgbà tó bá jẹ́ Android ńlá), tẹmómítà onínọ́ńbà kan, àti káàdì abẹ́rẹ́ ọmọ. Tẹmómítà yẹn wà ní kẹ́mísítì gidi káàkiri Òkè-Fìà àti Ọláìyá. Ẹ má ra èyí tó jẹ́ gíláàsì tí mẹ́kúrì wà nínú ẹ̀, tó bá fọ́ sórí bẹ́ẹ̀dì ọmọ, májèlé ni, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ti fẹnu kò nínú àdéhùn Minamata, tó dá lórí mẹ́kúrì, pé kí wọ́n má ṣe é mọ́ lẹ́yìn ọdún 2020, àmọ́ àwọn kan ṣì ń tà á.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ ya fọ́tò káàdì abẹ́rẹ́ yẹn lónìí

Káàdì yẹn ni ìwé tó ṣe pàtàkì jù tí ọmọ yín ní, òun náà ló sì máa ń tètè sọnù. Òjò á jò ó, àgbà ọmọ á fi yàwòrán, wọ́n á kó kúrò n'Áyétòrò lọ sí Àlẹ́kúwodò, káàdì á kù sẹ́yìn. Ẹ tẹ́ ẹ sórí tábìlì lọ́sàn-án lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ẹ má tan fláàṣì torí ó máa ń dán lórí náílọ́ọ̀nù, ẹ ya gbogbo ojú ìwé, tiwájú tẹ̀yìn. Kẹ́ ẹ sún àwòrán náà mọ́ra wò, ṣé déètì tí nọ́ọ̀sì fi bírò kọ ṣeé kà? Tí ò bá ṣeé kà ẹ tún un yà. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí ara yín lórí WhatsApp (ẹ lè fi mẹ́sẹ́èjì ránṣẹ́ sí nọ́ńbà ara yín níbẹ̀), kẹ́ ẹ tún fi ránṣẹ́ sí bàbá ọmọ, torí fóònù kan náà lè já sómi.

Ìyẹn tán, ó kan álààmù. Ètò abẹ́rẹ́ àjẹsára ti Nàìjíríà ò le rárá: ọjọ́ tí wọ́n bá bí i, BCG (ti ikọ́ ẹ̀gbẹ), ti rọpárọsẹ̀ (ìyẹn tí wọ́n ń kán sẹ́nu) àti abẹ́rẹ́ hepatitis B (ti àrùn ẹ̀dọ̀). Lẹ́yìn náà, ọ̀sẹ̀ 6, ọ̀sẹ̀ 10, ọ̀sẹ̀ 14. Oṣù 6, fítámì A. Oṣù 9, èéyi tí wọ́n ń pè ní measles, ibà apọ́njú, àti yínrùnyínrùn. Oṣù 15, èéyi ẹlẹ́ẹ̀kejì. Èyí tí àwọn òbí máa ń gbàgbé jù nìyẹn, ti oṣù 15, torí ọmọ ti ń sáré kiri, ó ti dà bíi pé abẹ́rẹ́ ti parí.

Ẹ jẹ́ n kọ́ yín ní ọgbọ́n kan. Ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14 máa ń bọ́ sí ọjọ́ kan náà pẹ̀lú ọjọ́ tẹ́ ẹ bí ọmọ. Ká ní Mọ́ńdè 3 March 2025 lẹ bí i, ọ̀sẹ̀ 6 á jẹ́ Mọ́ńdè 14 April, ọ̀sẹ̀ 10 á jẹ́ Mọ́ńdè 12 May, ọ̀sẹ̀ 14 á jẹ́ Mọ́ńdè 9 June. Ẹ ṣí kàlẹ́ńdà fóònù, ẹ fi ìka ka ìlà wálẹ̀ láti ọjọ́ ìbí, ó parí. Ẹ fi álààmù méjì sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan ní ọjọ́ méjì ṣáájú, ọ̀kan ní àárọ̀ ọjọ́ náà.

Kí ló dé tí mo ní ọjọ́ méjì ṣáájú? Torí pé kì í ṣe gbogbo ọjọ́ ni sẹ́ńtà ń fún ọmọ ní gbogbo abẹ́rẹ́. Ìgò BCG àti ti èéyi, ọ̀pọ̀ ọmọ ni wọ́n ń fa ìgò kan fún, tí wọ́n bá sì ti pò ó, kò gbọ́dọ̀ ju wákàtí 6 lọ, èyí tó kù wọ́n á dà á nù. Ìdí nìyí tí nọ́ọ̀sì fi máa ń kó àwọn ọmọ jọ sí ọjọ́ kan, tí àwọn ìyá á máa rò pé ṣe ló kàn fẹ́ wọ́ wọn nílẹ̀. Ẹ pe sẹ́ńtà yín ṣáájú, ẹ bi wọ́n pé ọjọ́ wo ni, ẹ sì sèéfù nọ́ńbà yẹn. Ọ̀fẹ́ sì ni abẹ́rẹ́ yìí ní ilé ìwòsàn ìjọba, ẹ jẹ́ kí gbogbo yín mọ̀.

Bí ọjọ́ bá ti kọjá ńkọ́? Ẹ ṣì gbé ọmọ lọ. Wọn ò ní bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ibi tó dúró ni wọ́n á ti máa bá a lọ.

Ìgbésẹ̀ 2: Ara gbígbóná, ẹ kọ nọ́ńbà sílẹ̀, ẹ yéé fi ẹ̀yìn ọwọ́ nìkan wọ̀n ọ́n

Ọwọ́ ìyá tó ń bọ̀ láti ibi tó ti ń fọ aṣọ, gbogbo ọmọ ló máa gbóná lójú ẹ̀. Ọwọ́ ẹni tó ń bọ̀ láti ìdí iná, kò ní mọ̀ pé ara ń gbóná rárá. Tẹmómítà ni.

Tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọmọ kalẹ̀ lẹ́yìn, tàbí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ ẹ́ tán, ẹ jẹ́ kó sinmi díẹ̀ ná, torí ooru ẹ̀yìn yín àti ọ̀já wà lára ẹ̀. Ẹ nu òógùn abíyá kúrò, ẹ ki orí tẹmómítà bọ àárín abíyá gan-an, ẹ di apá ọmọ mọ́ra títí tó fi máa dún. Tó bá jẹ́ 37.5 lọ sókè ní abíyá, ara ń gbóná nìyẹn. Àwọn tẹmómítà kan máa ń gbé 99 tàbí 101 jáde, ẹ má pariwo, Fahrenheit ló wà, 99.5 ni 37.5 wa, bọ́tìnì wà lára ẹ̀ tẹ́ ẹ fi lè yí i padà. Èyí tí wọ́n ń nà sí iwájú orí bí ìbọn, ó dáa fún ìyára, ṣùgbọ́n tí òógùn bá wà níwájú orí tàbí tí ọmọ ń ti inú oòrùn bọ̀, á máa sọ ìsọkúsọ.

Ọmọ tí ò tíì pé oṣù 2, tí ara ẹ̀ bá gbóná tó 37.5, tàbí tó tutù tó fi wá sílẹ̀ ju 35.5, ẹ má ṣe ìgbésẹ̀ kankan mọ́ nínú ìwé yìí, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù ní wákàtí yẹn. Ọmọ jòjòló kì í ṣàìsàn bí àwọn tó kù, ó lè máa sùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ kó sì jẹ́ pé nǹkan ti bàjẹ́.

Fún ọmọ tó ti dàgbà jùyẹn lọ, ẹ ṣí chat ara yín lórí WhatsApp tàbí notepad, ẹ kọ ọ́ báyìí: "Sátidé, 9:10 alẹ́, 38.6 abíyá, mo fún un ní parasitamọ́ọ̀ ṣíbí kan, ó mu ọmú díẹ̀." Ó tó. WhatsApp á tiẹ̀ bá yín fi aago sí i fúnra ẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí 4 ẹ tún wọ̀n ọ́n, ẹ tún kọ. Tí ilẹ̀ bá fi máa mọ́, ẹ ti ní nǹkan tí dọ́kítà lè kà, kì í ṣe "ara ẹ̀ gbóná gan-an lóru àná".

Parasitamọ́ọ̀ ọ̀hún, ìwọ̀n ara ọmọ ni wọ́n fi ń díwọ̀n ẹ̀, ìdí tó fi yẹ kẹ́ ẹ ní kílò ọmọ nínú fóònù nìyẹn. Kò gbọ́dọ̀ ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ láàárín wákàtí 24. Ibi tí ewu pọ̀ sí jù ni kí ìyá fún un, kí bàbá dé kó tún fún un, kí màmá àgbà náà tún fún un torí pé ọmọ ń sunkún. Tí gbogbo ilé bá ń kọ ọ́ sínú chat kan náà, ìyẹn ò ní ṣẹlẹ̀. Ẹ sì wo ìgò dáadáa, ti ìkán (drops) lágbára púpọ̀ ju síróòpù lọ, a kì í fi ṣíbí bu ìkán o.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ ka èémí ọmọ

Ká ní ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo lẹ máa rántí nínú gbogbo eléyìí, èyí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ rántí. Òtútù àyà tí wọ́n ń pè ní nimóníà wà lára ohun tó ń pa ọmọ wẹ́wẹ́ jù láyé, ó sì máa ń hàn nínú mímí kó tó hàn níbòmíì, àmọ́ a máa ń wo ikọ́, a máa ń wo ọ̀fìnkìn, a ò kì í wo àyà. Ikọ́ lè pọ̀ kó má sì sí wàhálà, ọmọ míì ò sì ní wúkọ́ púpọ̀, àyà ẹ̀ ló ń sáré.

Ẹ dúró kí ọmọ balẹ̀. Tó bá ń sunkún, tó ń mu ọmú, tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré, ẹ má kà á, ìgbà tó bá sùn ló dáa jù. Ẹ ká aṣọ ẹ̀ sókè kí ikùn àti àyà hàn. Ẹ ṣí aago fóònù, ẹ fi timer sí ìṣẹ́jú 1, ẹ tẹ̀ ẹ́, ojú yín á wà lára ọmọ, etí yín ni yóò máa retí fóònù. Àyà gòkè, ó sọ̀ kalẹ̀, ẹyọ kan nìyẹn. Ẹ kà á títí álààmù á fi dún. Ẹ má kà á fún sẹ́kọ́ǹdù 15 kẹ́ ẹ wá sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin, torí èémí ọmọ kékeré kì í lọ déédéé, á sáré díẹ̀, á dúró díẹ̀, ìṣirò yín á wọ́.

Ọmọ tí ò tíì pé oṣù 2: tó bá tó 60 sókè ní ìṣẹ́jú kan, ó yára jù (ẹ tún un kà lẹ́ẹ̀kejì kó lè dá yín lójú). Oṣù 2 sí oṣù 11: 50 sókè. Ọdún 1 sí ọdún 5: 40 sókè. Èyí kì í ṣe òfin tí mo gbé kalẹ̀ látọkàn mi o, òun ni àjọ ìlera àgbáyé, WHO, fi ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ sẹ́ńtà, tí nọ́ọ̀sì bá sì gbọ́ ọ lẹ́nu yín á mọ̀ pé ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ ń ṣe.

Tó bá ṣòro fún yín láti kà á, ẹ ya fídíò àyà ọmọ fún ìṣẹ́jú kan géérégé, kẹ́ ẹ wá jókòó kẹ́ ẹ kà á látinú fídíò, ẹ lè padà sẹ́yìn, ẹlòmíì náà lè bá yín kà á wò bóyá iye kan náà lẹ rí. Fídíò yẹn tún máa wúlò fún dọ́kítà, torí ọmọ tó ń mí helehele nílé lè dé ọsibítù kó máa ké tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò ní rí nǹkan kan kà. Áàpù kan sì wà tí mo lè fọwọ́ sí, RRate, yunifásítì British Columbia ní Kánádà ló ṣe é, ṣe lẹ kàn máa fi ìka tẹ fóònù bí ọmọ ṣe ń mí, òun á ṣírò ẹ̀. Ẹni tí ò ní dátà, timer náà tó.

Bẹ́ ẹ ṣe ń kà á, ẹ wo abẹ́ ìhà. Tí ibẹ̀ bá ń wọnú bí ọmọ ṣe ń fa èémí sínú, tàbí ihò imú ń fẹ̀, tàbí ó ń kérora pẹ̀lú gbogbo èémí, ẹ fi fóònù sápò kẹ́ ẹ máa lọ, bí ara ò tiẹ̀ gbóná.

Àwọn kan á ní kí n sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi há ìka láti wọn afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀, oximeter, tó di ìlú mọ́ọ́ká nígbà Kòrónà. Kò burú láti ní in, àmọ́ ti àgbàlagbà ni èyí tó pọ̀ lọ́jà, ìka ọmọ ọwọ́ kéré jù fún un, nọ́ńbà tó bá gbé jáde lè má jọ òótọ́. Làálì, kútẹ́ẹ̀sì àti ọwọ́ tútù náà máa ń dà á láàmú. Ohun míì tí àwọn olùtajà kì í sọ ni pé ìwádìí ti fi hàn pé ó máa ń ka afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ àwa aláwọ̀ dúdú ga ju bó ṣe wà lọ. Nítorí náà tó bá gbé nọ́ńbà tó kéré sí 90, ẹ sáré, ṣùgbọ́n tó bá gbé 97 tí ọmọ sì ń mí helehele, ọmọ ni kẹ́ ẹ gbà gbọ́. Ẹ̀gbà ọwọ́ àti ìbọ̀sẹ̀ olówó ńlá tí wọ́n ń polówó lórí Instagram pé ó ń ṣọ́ ọmọ, ẹ fi owó yẹn ra ẹyin fún ọmọ jàre.

Ìgbésẹ̀ 4: Gìrì

Eléyìí ń dẹ́rù bani, mo mọ̀, ẹni tó bá rí i lẹ́ẹ̀kan ò ní gbàgbé. Ẹ wo aago fóònù ní kété tó bá bẹ̀rẹ̀. Ẹ tẹ́ ọmọ ní ẹ̀gbẹ́ sílẹ̀ pẹrẹsẹ, ẹ tú aṣọ ọrùn, ẹ kó ohun líle kúrò nítòsí. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin méjì lẹ wà níbẹ̀, kí ẹnì kejì ya fídíò, ojú, ọwọ́ àti ẹsẹ̀, torí dọ́kítà fẹ́ mọ̀ bóyá apá kan ló ń gbọ̀n àbí gbogbo ara. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin nìkan, ẹ fi fídíò sílẹ̀, ẹ tọ́jú ọmọ.

Ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ẹ má ki ẹsẹ̀ ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná. Ẹ má da àdí, ẹ má da àgbo, ẹ má da ìtọ̀ màlúù sí i lọ́nà ọ̀fun, mo mọ̀ pé àwọn àgbà ilé míì á fẹ́ gbé e wá, àmọ́ ọmọ tó ń gbọ̀n ò lè gbé nǹkan mì, inú ẹ̀dọ̀fóró ló máa lọ, ìtọ̀ màlúù gan-an sì ti sọ ọ̀pọ̀ ọmọ nílẹ̀ Yorùbá di èrò ọsibítù. Ẹ bá màmá sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí gìrì tó dé, kì í ṣe ìgbà tó bá dé. Kó tó ìṣẹ́jú 5 tàbí kó má tó o, ẹ gbé e lọ.

Ìgbésẹ̀ 5: Ìgbẹ́ gbuuru, ẹ máa ṣàmì

Kí fóònù yín ní ìlà méjì: "ìgbẹ́" àti "ìtọ̀". Gbogbo ìgbà tó bá yàgbẹ́ olómi, ẹ kọ aago. Gbogbo ìgbà tó bá tọ̀, ẹ kọ aago. Ìlà kejì yẹn làwọn èèyàn kì í kà sí, bẹ́ẹ̀ òun ló máa sọ bóyá omi ara ń tán.

ORS, ìyẹn iyọ̀ àti ṣúgà alápò tí wọ́n ń pò mọ́ omi fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru, tó bá jẹ́ èyí tó sọ pé lítà 1: píọ́wọ́tà wa jẹ́ 50cl, méjì ni lítà kan, ẹ ò nílò láti máa wá ìwọ̀n kiri. Kẹ́ ẹ ṣáà ka ẹ̀yìn àpò ná, torí kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló jẹ́ ti lítà kan. Ẹ po gbogbo àpò yẹn sínú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ má pín in, ẹ fi álààmù wákàtí 24 sí i, tó bá dún ẹ da èyí tó kù nù. Ọmọ tí ò tíì pé ọdún 2, 50 sí 100ml lẹ́yìn ìgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, èyí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ, 100 sí 200ml, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ṣíbí. Tó bá bì í, ẹ dúró ìṣẹ́jú 10 kẹ́ ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Zinc, oògùn tí wọ́n ń fún ọmọ pẹ̀lú ORS ńkọ́? Ọjọ́ 10 sí 14, 20mg lójúmọ́, tí ọmọ ò bá tíì pé oṣù 6 kó jẹ́ 10mg. Ọjọ́ kẹta tí ìgbẹ́ bá ti dúró ni àwọn òbí máa ń jáwọ́ ńbẹ̀, torí náà kí álààmù zinc máa dún lójoojúmọ́ títí ọjọ́ fi máa pé.

Ẹ wo àwùjẹ̀ bóyá ó rì, ẹ wo ojú bóyá ó wọnú, ẹ rọra fa awọ ikùn kẹ́ ẹ jù ú sílẹ̀, tí ò bá yára padà, tàbí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́, ẹ máa lọ.

Ìgbésẹ̀ 6: Oògùn

Ẹ má fún ọmọ ní oògùn ibà ẹ̀fọn láìṣàyẹ̀wò, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ oníkán kan yẹn ò ju bí ìṣẹ́jú 20 lọ, ìgbóná ara kì í ṣe ibà ẹ̀fọn ní gbogbo ìgbà. Tó bá wá jẹ́ ibà ẹ̀fọn ni, tí wọ́n sì fún un ní artemether-lumefantrine, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni lọ́jọ́ 3: èkejì gbọ́dọ̀ jẹ́ wákàtí 8 lẹ́yìn àkọ́kọ́, àwọn tó kù láàárọ̀ àti lálẹ́, pẹ̀lú oúnjẹ tàbí ọmú. Wákàtí 8 yẹn ló máa ń bọ́ sí òru. Ẹ fi álààmù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sí i kẹ́ ẹ tó kúrò ní kẹ́mísítì, ẹ kọ orúkọ oògùn sórí ẹ̀.

Ẹ ranti "My Pikin", oògùn eyín tó pa àwọn ọmọ wa tó ju 80 lọ ní ọdún 2008 sí 2009. Ọ̀rọ̀ yẹn wà lára ohun tí mo fi ń sọ pé kẹ́ ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC, kẹ́ ẹ sì fi fóònù yẹ oògùn wò bóyá ojúlówó ni, kò tiẹ̀ nílò kámẹ́rà: àwọn páálí oògùn ibà àti antibáyótíìkì kan ní ibi tí wọ́n ń họ bíi káàdì rìchájì, ẹ họ ọ́, ẹ fi nọ́ńbà abẹ́ ẹ̀ ránṣẹ́ sí nọ́ńbà kúkúrú tí wọ́n kọ sára páálí, ìdáhùn á wọlé. Fóònù tọ́ọ̀ṣì náà ń ṣe é. Ẹ ya fọ́tò páálí àti ìgò náà, orúkọ, agbára, déètì, torí "oògùn pupa kan báyìí" ò wúlò fún dọ́kítà kankan. Tẹ́ ẹ bá ti fún un ní àgbo pẹ̀lú, ẹ kọ ọ́, ẹ má fi pamọ́.

Ìgbésẹ̀ 7: Ìdàgbà

Èyí ò gba àkókò. Lóṣooṣù, tí wọ́n bá wọn ọmọ ní sẹ́ńtà, ẹ ya ojú ìwé tí ìlà ìwọ̀n wà. Ìlà tó ń gòkè dáa, ìlà tó dúró sójú kan fún oṣù méjì, ẹ béèrè. Láti oṣù 6 sí ọdún 5, ẹ bẹ nọ́ọ̀sì kó fún yín ní téèpù aláwọ̀ mẹ́ta tí wọ́n fi ń wọn apá: 12.5cm sókè jẹ́ àwọ̀ ewé, láàárín 11.5 sí 12.5 jẹ́ yẹ́lò, tó bá wá sílẹ̀ ju 11.5 pupa ni, ọsibítù ló kàn.

Ìgbésẹ̀ 8: Ta ló ń rí i?

Fọ́tò ọmọ yín nìhòòhò nítorí èélá, kì í ṣe ohun tẹ́ ẹ máa fi sínú gírúùpù àdúgbò tàbí ti ìjọ. Ẹ ya ibi tó ní èélá nìkan, ẹ fi ránṣẹ́ sí dọ́kítà tàbí nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo. Òfin ààbò dátà ti Nàìjíríà, ti ọdún 2023, ní ètò pàtàkì fún ọmọdé, áàpù ìlera tó bá fẹ́ gba orúkọ, fọ́tò àti ibi tẹ́ ẹ ń gbé kó tó ṣí, ẹ bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe. Dọ́kítà orí íntánẹ́ẹ̀tì náà, ẹ béèrè orúkọ àti nọ́ńbà MDCN ẹ̀ (àjọ tó ń forúkọ dọ́kítà sílẹ̀ ní Nàìjíríà), dọ́kítà gidi kì í bínú sí i. Mẹ́sẹ́èjì tó ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "fi ránṣẹ́ sí ìyá mẹ́wàá", ẹ pa á rẹ́.

Ìgbésẹ̀ 9: Kí ilẹ̀ tó ṣú

Iná wa mọ bó ṣe ń ṣe. Tí ọmọ bá ń ṣàìsàn, ẹ má fi bátìrì wo TikTok ní ìrọ̀lẹ́, ẹ ṣáàjì fóònù àti páwà báǹkì nígbà tí iná bá wà. Ẹ fi owó ìpè sílẹ̀, kì í ṣe dátà nìkan, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì dátà lè lọ kí ìpè ṣì máa wọlé. Ẹ sèéfù nọ́ńbà mẹ́ta: sẹ́ńtà yín, ẹnì kan tó ní mọ́tò tàbí ọ̀kadà tó ń gbéra lóru, àti 112 tó jẹ́ ti pàjáwìrì. Ẹ sì ti pinnu ibi tẹ́ ẹ máa gbé ọmọ lọ tí sẹ́ńtà bá tì, bóyá ọsibítù ìjọba ní Asubiaro ni, bóyá UNIOSUN Teaching Hospital tí àwọn èèyàn ṣì ń pè ní LAUTECH, èyí tó bá sún mọ́ yín. Ẹ má dúró de àárọ̀ tí ọmọ ò bá lè mu ọmú tàbí omi, tó bá ń bì gbogbo ohun tó bá jẹ, tí gìrì bá mú un, tàbí tó rẹ̀ ẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tẹ́ ẹ pè é tí ò dáhùn. Tẹ́ ẹ bá rí ọ̀kan nínú ẹ̀, ẹ má tún ka èémí mọ́.

Ìgbésẹ̀ 10: Tẹ́ ẹ bá dé iwájú nọ́ọ̀sì

Lójú ọ̀nà, kí ẹni tí ò gbé ọmọ kó gbogbo ohun tẹ́ ẹ ti kọ jọ sí mẹ́sẹ́èjì kan: ọjọ́ orí, kílò, ọjọ́ tí àìsàn bẹ̀rẹ̀, nọ́ńbà tẹmómítà tó ga jù àti aago ẹ̀, iye èémí, ìgbẹ́ àti ìtọ̀, oògùn tó ti lò pẹ̀lú aago ìgbà ìkẹyìn, abẹ́rẹ́ tó ṣẹ́kù. Tí jẹ́nótáìpù ẹ̀ bá jẹ́ AS tàbí SS, ẹ kọ ọ́ sókè pátápátá. Nọ́ọ̀sì tó ti wo ọmọ láti àárọ̀ ò ní sùúrù láti máa yí fóònù yín sókè sódò, torí náà ẹ ka mẹ́sẹ́èjì yẹn sí i létí, kẹ́ ẹ wá ṣí fídíò tó bá béèrè. Tí wọ́n bá ti tọ́jú ẹ̀ tán, ẹ bi wọ́n pé ọjọ́ wo la máa padà wá, kí la máa rí tá a fi máa padà wá ṣáájú ọjọ́ yẹn, ẹ kọ méjèèjì, kẹ́ ẹ sì fi álààmù sí i kẹ́ ẹ tó jáde ní géètì.